Tíkẹ́ẹ̀tì Eré Àsápajúdé àti Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Àjàgbé Jẹun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oríkì, kì í sì í ṣe ti àṣà ìgbéyàwó tí a sábà máa ń gbé síbí. Ọ̀rọ̀ ojú pópó ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ni pẹ̀lú. Ó kan ọjọ́ iwájú àwọn kan láàárín wa ju bí wọ́n ti rò lọ.

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà yìí léèrè pé kí ni wọn yóò ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ọ̀pọ̀ yóò ní iléeṣẹ́ epo ni àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n á wo ọ̀tún, wo òsì, kí wọ́n tó rọra sọ pé bí àwọn bá rí tírélà tàbí tánkà wà, àwọn yóò wà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 2012, nígbà tí iléeṣẹ́ Dangote kéde pé òun ń wá àwọn tí ó kàwé jáde ní yunifásítì láti wá wa ọkọ̀ àjàgbé òun, àyè 100 ni wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀wé wá lé ní 13,000. Àwọn tí ó gba oyè kejì tó 704 nínú wọn, mẹ́fà sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó ti gba oyè kẹta. Nítorí náà, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò rí ilé ìwé lọ mọ́.

Àwa tí a dàgbà sí Port Harcourt níhìn-ín tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn ará ilé lọ. Ìlú ọkọ̀ àjàgbé ni ìlú yìí. Ẹrù ń jáde láti èbúté Onne, epo ti ń jáde láti Alesa-Eleme tí iléeṣẹ́ ìfọpo ti wà láti ọdún 1965, àwọn iléeṣẹ́ Trans-Amadi náà sì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé ọjà wọn dé òkè ọya. Kí a tó mọ ìwé kà ni a ti mọ ìyàtọ̀ láàárín tánkà tí epo wà nínú rẹ̀ àti èyí tí ó ṣófo, nípa gbígbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí títì.

Ìbéèrè tí ó wá bí àròkọ yìí ni èyí. Ẹnìkan nínú wa ń wa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí kí ó máa wa bọ́ọ̀sì ní òpin ọ̀sẹ̀ kí ó lè rí owó ilé ìwé san. Ó sáré jù lójú ọ̀nà East-West, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mú un, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Lọ́kàn rẹ̀, ó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì tírélà lọ́jọ́ iwájú. Ṣé ọ̀nà ti dí mọ́ ọn nìyẹn? Ìdáhùn wa ni pé rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì eré kan kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí a gbà á ni ó lè bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a là á lẹ́sẹẹsẹ.

Ta ni ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì?

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí gbogbo wa mọ̀ sí Road Safety ni. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ nígbà ayé ìjọba Ọ̀gágun Babangida, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú. Ní ọdún 1977 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nígbà tí Ṣóyínká ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ nígbà náà, ara ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò sì gbà á mọ́. Bí a bá rí ẹ̀ṣọ́ tí ó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ilẹ̀ tí ó sì dé fìlà pupa, kí a rántí pé ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa wà lára ohun tí ó bí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Port Harcourt ni olú iléeṣẹ́ ẹkùn kẹfà àjọ náà wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí ọkọ̀ láti fi mọ iye eré tí ó ń sá. Nítorí náà, kí awakọ̀ máa búra pé òun kò sáré kò lè ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ bí ẹ̀rọ bá ti sọ tirẹ̀.

Eré wo ni ó pọ̀ jù?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé eré kan náà ni a là sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ìrìnnà wa ti wí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni lè sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà ńlá, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀ onílà méjì. Takisí àti bọ́ọ̀sì lè sá 50, 80 àti 90. Ṣùgbọ́n ti tánkà àti tírélà jẹ́ 45 láàárín ìlú, 50 lójú ọ̀nà ńlá, àti 60 péré lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Eré 80 tí ẹlòmíràn fi ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún awakọ̀ tírélà. Ẹni tí 100 kò tíì tó lórí ọkọ̀ kékeré yóò jìyà gidigidi lórí ọkọ̀ àjàgbé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ iná títẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí bá gba tíkẹ́ẹ̀tì eré, kí ó kọ́kọ́ kà á sí ìkìlọ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó tó kà á sí ìnáwó.

Kí ni ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà?

Ìwé ẹ̀sùn ni tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Orúkọ awakọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí ó ti ṣẹ̀, ọjọ́ àti àkókò, irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀, owó ìtanràn, àti iye póìǹtì tí ẹ̀ṣẹ̀ náà gbé. Lẹ́tà SLV ni wọ́n fi ń dúró fún ẹ̀ṣẹ̀ eré. Wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì tàbí ìwé ọkọ̀ dání títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Owó ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ jẹun gbọ́dọ̀ wo póìǹtì. Nínú àtẹ ìtanràn tí àjọ náà tẹ̀ jáde, eré àsápajúdé gbé ₦3,000 àti póìǹtì 3. Iye owó lè yí padà bí ìjọba bá tún òfin ṣe, nítorí náà ohun tí ó wà lára ìwé tí wọ́n bá fún wa ni kí a tẹ̀ lé. Póìǹtì wọ̀nyí ni wọ́n ń kà jọ sórí láísẹ́ǹsì. Bí ó bá tó 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá tó 15 sí 20, wọ́n lè dá láísẹ́ǹsì dúró fún ìgbà kan. Bí ó bá di 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè gbà á pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, a ṣáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì eré kan, póìǹtì 3. Mẹ́ta, póìǹtì 9, a kò tíì dé ibi ìkìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó gbé wa dé 12. Ẹ wá wo àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nínú àtẹ kan náà. Fífi ẹ̀gúnjẹ lọ ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ₦10,000 àti póìǹtì 10. Dídí ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ₦10,000 àti póìǹtì 10. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jẹ mọ́ láísẹ́ǹsì, bíi kí a máa wa ọkọ̀ láìní i, jẹ́ ₦10,000 àti póìǹtì 10. Ìwàkuwà tí ó lè pa ènìyàn jẹ́ ₦50,000 àti póìǹtì 10.

Ǹjẹ́ ẹ rí i? Ẹni tí ó sáré tí ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní póìǹtì 3. Ẹni tí ó sáré, tí ó wá ká owó mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, póìǹtì 13 ni ó kó lọ sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá tún bá ẹ̀ṣọ́ wọ̀yá ìjà lórí rẹ̀ ti di ẹni póìǹtì 23, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì ti ń mì lókè téńté. Eré kọ́ ni ó ba tirẹ̀ jẹ́. Ìbínú àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Kí ni kí a ṣe lójú títì?

Èkíní, kí a rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí a pa ọkọ̀, kí a sì jẹ́ kí ọwọ́ wa hàn. Kí a má ṣe sá. Ẹni tí ó bá sá fún tíkẹ́ẹ̀tì póìǹtì 3 lè sá bọ́ sínú kòtò.

Èkejì, kí a kí ẹ̀ṣọ́ náà bí a ti ń kí àgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni wá, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Port Harcourt gba ìkíni lẹ́nu wa. Kí a fi ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì hàn án. Bí a bá fẹ́ mọ iye tí ẹ̀rọ sọ, kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí ìwà ìfojúdi nínú ìbéèrè tí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

Ẹ̀kẹta, kí a ka tíkẹ́ẹ̀tì náà kí a tó kúrò níbẹ̀. Ṣé orúkọ wa ni wọ́n kọ? Ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ náà tọ̀nà? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ eré ni wọ́n kọ, àbí òmíràn tí póìǹtì rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lè di ẹrù wúwo lọ́jọ́ iwájú, ojú ibẹ̀ ni ó sì rọrùn jù láti tún un ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní owó lójú títì, yálà ẹ̀ṣọ́ ni o, tàbí alágbàtà tí ó ní òun mọ ọ̀gá wọn. Báǹkì tàbí ọ̀nà tí àjọ náà là sílẹ̀ ni a ń gbà san owó ìtanràn. Owó tí kò ní rìsíìtì kò pa gbèsè kankan rẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú ìwé wọn, owó wa sì ti lọ.

Lẹ́yìn tí a bá délé ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí a bá mọ̀ pé a ṣẹ̀ lóòótọ́, kí a san owó náà kí ọjọ́ tó kọjá, kí a mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ sára ìwé, kí a gba láísẹ́ǹsì wa padà, kí a sì rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti san án. Kí a ṣe ẹ̀dà rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí a tọ́jú wọn sínú fáìlì kan náà tí a tọ́jú ìwé ẹ̀rí wáẹ́ẹ̀kì wa sí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní kí ni a ó fi rìsíìtì ₦3,000 ṣe. Lọ́jọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá béèrè, yóò wúlò ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Bí a bá sì mọ̀ pé a kò ṣẹ̀, òfin kò ní kí a jẹ̀bi tipátipá. Ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè dá ènìyàn lẹ́bi. Ẹni tí kò bá gbà lè sọ pé ẹjọ́ ni òun fẹ́, àjọ náà sì máa ń lo ilé ẹjọ́ alágbèéká tí ó ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a ro ó dáadáa. Kí a kọ àkókò, ibi, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ní ọgbà wa yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wà tí wọ́n lè júwe ọ̀nà fún wa. Kí a má ṣe lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ìbínú nìkan.

Ọ̀nà kẹta tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ ni kí wọ́n sọ ìwé náà nù, kí wọ́n lọ gba láísẹ́ǹsì tuntun lọ́nà ẹ̀bùrú. Èyí ni ó burú jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ wa tírélà. Láti bí ọdún 2011 tí wọ́n ti ń ya àwòrán ojú tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka fún láísẹ́ǹsì, ìka ẹni ti di ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Bí a bá ń lọ gba iṣẹ́

Kí a mọ̀ pé láísẹ́ǹsì tí a ń lò lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́ ni ti tírélà. Lẹ́tà ni wọ́n fi pín wọn. A ni ti alùpùpù, B ni ti ọkọ̀ kékeré tí kì í ṣe ti èrò, G sì ni ti tírélà tí orí rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, àwọn VIO yóò dán an wò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Road Safety fún àwòrán àti ìtẹ̀ka. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè orúkọ rere.

Láti ọdún 2007 ni àjọ náà sì ti ní ètò kan fún àwọn iléeṣẹ́ tí ọkọ̀ wọn tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ àti awakọ̀. Ẹni náà ni yóò jókòó níwájú wa lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Yóò béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti mú ọ rí?”

Kí a má ṣe parọ́. Kí a sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Wọ́n mú mi lẹ́ẹ̀kan nítorí eré. Mo san án, rìsíìtì rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà náà, wọn kò tún mú mi mọ́.” Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta yìí ń fi irú ẹni tí a jẹ́ hàn. Ẹni tí yóò fa ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ju ti ilé lọ lé wa lọ́wọ́ kò wá ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ẹni tí yóò pe òun lórí fóònù, tí yóò sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru lọ́nà Lokoja, ni ó ń wá. Bí a bá parọ́ lórí ₦3,000, kí ni a kò ní í parọ́ lé lórí bí epo bá dínkù nínú tánkà?

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tí ó ti fi tánkà wíwà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú yìí, sọ fún wa pé ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òun kọ́kọ́ jẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀gá òun tó jẹ́ kí òun di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Bàbá náà ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ tètè ń kọ́ bí a ti ń mú ọkọ̀ lọ. Ẹ kọ́ bí a ti ń mú un dúró.” A kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí eré fi burú lórí ọkọ̀ àjàgbé?

Bí ọkọ̀ bá ń sá 60, ó ń jẹ mítà bí 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú bá rí ewu, ọpọlọ àti ẹsẹ̀ yóò lo bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ kí bíréèkì tó gbọ́. Ọkọ̀ náà ti rin mítà 25 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ 100 ni, ó ti rin bíi mítà 42. Agbára tí ọkọ̀ fi ń lọ kì í sì í pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eré ti ń pọ̀. Bí a bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 60 sí 80 nìkan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Tánkà tí ó gbé lítà 33,000 bẹntiróòlù gbé ẹrù bíi tọ́ọ̀nù 24, láìka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Epo náà kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo obìnrin tí ó ru garawa omi: bí ó bá dúró lójijì, omi á ta síwájú. Bí epo ṣe ń ṣe nínú tánkà nìyẹn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ó bá yà lójijì. Ó lè ti ọkọ̀ síwájú, ó sì lè dà á dé.

Gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ yìí kò lè gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2012. Ní Okobie, lọ́nà East-West lẹ́bàá Ahoada, tánkà kan ń gbìyànjú láti yà fún àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó sì ṣubú. Àwọn ènìyàn sáré lọ gbọ́n epo. Iná sọ. Àwọn tí ó kú lé ní 90. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2015, bíréèkì tánkà kan já ní Upper Iweka ní Onitsha, ó já wọ inú gáréèjì, àwọn tí ó kú sì lé ní 60. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tánkà gbiná lójú ọ̀nà East-West kan náà ní Eleme níhìn-ín, ẹ̀mí lọ, ọkọ̀ rẹpẹtẹ sì jóná. Kì í ṣe gbogbo wọn ni eré fà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń fi hàn wá pé bí nǹkan bá yíwọ́ lórí ọkọ̀ irú èyí, awakọ̀ nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

A mọ ohun tí ó ń mú awakọ̀ sáré. Fún ọdún púpọ̀ ni ọ̀nà Eleme fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ń lo wákàtí lórí ibi tí kò tó nǹkan. Bí awakọ̀ bá wá bọ́ sí ibi tí títì ti dán, ó fẹ́ gba gbogbo àkókò rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Lórí ìrìn kìlómítà 100, ẹni tí ó sá 60 yóò lo wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó sá 80 yóò lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 25 ni èrè rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan ṣoṣo ní Eleme Junction tó láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù láti ọdún 2016 pé kí wọ́n so ẹ̀rọ tí ń dín eré kù mọ́ ọkọ̀ wọn.

Òkè òkun ńkọ́?

A mọ̀ pé àwọn kan ń kà á, wọ́n sì ń rò ó pé Houston tàbí London ni àwọn yóò ti wa tírélà. Ó dára, àwọn ọmọ wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ le ju tiwa lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin ọdún 1986, awakọ̀ àjàgbé ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá fi máìlì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá eré tí a là sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta lórí ọkọ̀ àjàgbé, kò ní í wà á fún ọjọ́ 60. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọjọ́ 120. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n dá a lẹ́bi. Òfin kò gba ìpínlẹ̀ kankan láyè láti bá a fi ẹ̀bi náà pamọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ eré tí ó kéré jù ń gbé póìǹtì 3 àti £100. Ẹni tí póìǹtì rẹ̀ bá pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta lè pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó gba láísẹ́ǹsì, póìǹtì 6 péré ti tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀ ní Port Harcourt, ọkọ̀ òfuurufú kò ní í kọ́ ọ.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì eré, ẹ má ṣe ba ọkàn jẹ́, ẹ má sì ṣe fojú kéré rẹ̀. Ẹ kà á, ẹ san án tàbí kí ẹ lọ sọ tẹnu yín nílé ẹjọ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ sọ òótọ́ bí wọ́n bá béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí póìǹtì 3 yẹn jẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Ẹni tí kò tíì gbà á rí, kí ó kọ́gbọ́n lára ẹni tí ó ti gbà á. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Wọ́n sì tún ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Kí Elédùmarè má ṣe jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ.